Ìwé kékeré Koudelka: kí ni ká wò lára rẹ̀ ká tó tẹ irú rẹ̀ l'Ábùjá?

Àlàmú_Gwarinpa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ fọ́tò àti ìwé títẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀: ìwé kékeré tí yóò kó fọ́tò tí ayafọ́tò kan yà ní Òkè Ọya fún ogún ọdún jọ. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Fíìmù 35mm ló pọ̀ jù: kòtò aró Kofar Mata ní Kano, àwọn apẹja lódò Argungu, gáréèjì Zuba. Mẹ́jọ jẹ́ fọ́tò gbọọrọ tí ìbú wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta gíga wọn, níbi àwọn adágún tí ìwakùsà tin dá sílẹ̀ lẹ́bàá Jos.

Ìwé tí a fi ń ṣe àwòkọ́ṣe ni pélébé tí wọ́n ṣe fún Josef Koudelka, ayafọ́tò ọmọ Czech nì, nínú ọ̀wọ́ Photo Poche tí Robert Delpire dá sílẹ̀ ní Faransé. Sẹ̀ǹtímítà 12.5 ni ìbú rẹ̀, 19 ni gíga rẹ̀, ó wọ àpò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ fọ́tò tiwa jáde ní ìwọ̀n yẹn, bí ìdajì ló kú. Òkùnkùn gbé ojú èèyàn mì, èrò tó kún odò Argungu dà bí ata gígún tí wọ́n dà sílẹ̀. Ti Koudelka ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣé yíyàn ló fà á ni, àbí ìtẹ̀? Irú bébà wo, irú ìdìpọ̀ wo ló lè kojú ọyẹ́ ibí? Àwọn fọ́tò gbọọrọ wọ̀nyẹn ńkọ́, kí ni ká ṣe sí wọn nínú ìwé tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ?

Ẹ̀dà 500 la ní lọ́kàn. Ẹ ṣeun.

Ìyá_Nẹ́gẹ́tíìfù (Jos)

Bọ̀dá Àlàmú, ẹ kú làálàá. Yíyàn ló ṣáájú, ìtẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Wọ́n bí Koudelka ní Boskovice, ní Moravia, ní 1938. Ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn títí di 1967, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà kan náà ló ń ya eré orí ìtàgé fún ìwé ìròyìn Divadlo ní Prague. Ìmọ́lẹ̀ orí ìtàgé kì í dọ́gba: ara òṣèré á mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣú, bí ara yẹn ṣe dúró ló máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú yẹn ló gbé lọ bá àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó fọ́n ká ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tó ń yà wọ́n láàárín 1962 sí 1971, ní Czechoslovakia, Romania, Hungary, Faransé àti Spéìn.

Kámẹ́rà Exakta àti lẹ́ńsì 25mm ló gbé dání. Ẹ fi ìṣirò wò ó. Fọ́tò tó dùbúlẹ̀ nínú ìwé yín, tí ẹ bá fi mìlímítà 8 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.9 ní ìbú àti 7.3 ní gíga. Bí 25mm bá dúró ní mítà kan sí èèyàn, ojú onítọ̀hún á gba bí ìdá mẹ́rin gíga fọ́tò, ìyẹn mìlímítà 17 sí 18 lórí bébà. A ó rí ojú, a ó rí ẹnu, a ó mọ̀ bóyá inú ń bí i. Bí ẹ bá fi 50mm ya apẹja láti bèbè odò, mítà 30 sí i, ojú rẹ̀ kò ní ju bíi mìlímítà kan lọ lórí ewé yẹn. Kò sí yíǹkì tó lè tún ìyẹn ṣe. Ara ògiri ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń gbé, ní mítà kan àbọ̀.

Ẹ wo èyí tó yà ní Jarabina ní 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Òun nìkan ló wà níwájú. Àwọn ará abúlé àti ọlọ́pàá wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n tò lọ. Ẹ dín in kù dé ìwọ̀n sítáǹbù, ẹ ó ṣì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Èyí tó yà ní Prague ní August 1968, nígbà tí ọmọ ogun Soviet àti àwọn alájọṣe rẹ̀ wọlé, rí bẹ́ẹ̀ náà: apá kan tó wọ aago ọwọ́ níwájú, Wenceslas Square tó ṣófo lẹ́yìn. Ohun méjì péré ni: ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi lè wọ àpò láìkú.

Ìdánwò kan wà tí kò ná nǹkan kan. Ẹ tẹ gbogbo fọ́tò tí ẹ ń rò jáde ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 11 lórí bébà lásán, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, ẹ dúró. Èyí tí ẹ bá ní láti bẹ̀rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú un kúrò, bó ti wù kó dùn lójú ẹni tó yà á. Níbi kòtò aró, ẹ mú èyí tí aláró bẹ̀rẹ̀ sórí kòtò kan, kì í ṣe èyí tó fi gbogbo kòtò hàn láti òkè.

Ní ti iye, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí àwọn Roma, tó jáde ní 1975, fọ́tò 60 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2011 ló di 109. Ẹ fi 60 ṣe òdiwọ̀n yín.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí: 1984 ni ìwé Photo Poche yẹn jáde, òun ni nọ́ńbà 15 nínú ọ̀wọ́ náà. 1986 ló tó bẹ̀rẹ̀ fọ́tò gbọọrọ. Ẹni tó dá ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ kò ní fọ́tò gbọọrọ Koudelka lọ́kàn rárá, nítorí náà ẹ má ṣe wá ìdáhùn sí ìbéèrè yín kẹta nínú rẹ̀.

Atẹ̀wé_Utako

Ìyá ti sọ ti fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bébà.

Bébà tí wọ́n ń tà fún wa jẹ́ ínṣì 25 sí 36. Tí a bá gé e sí méjì ó di 18 sí 25, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 46 sí 64, tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord 64. Lórí bébà 18 sí 25 kan, ojú ewé mẹ́jọ máa wọ iwájú, mẹ́jọ máa wọ ẹ̀yìn. A ká a, ó di section olójú ewé 16. Section mẹ́sàn-án yóò fún yín ní ojú ewé 144. Pẹ̀lú matt art (bébà oníìpara tí kì í dán) 150 gíráàmù, inú ìwé náà á nípọn tó bíi mìlímítà 9. Fọ́tò 60 àti ọ̀rọ̀ ìṣáájú máa wọ̀ ọ́ dáadáa, àyè á sì ṣẹ́kù fún ojú ewé òfìfo.

Ìṣirò ẹ̀dà 500: bébà 4,500 ti 18 sí 25, ìyẹn 2,250 ti odindi. Ẹ ra ríìmù márùn-ún, kí 250 lè wà fún ìbàjẹ́. Ẹ má ṣe dín in kù. Ẹ̀rọ máa ń jẹ bébà kí dúdú tó dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ó fi tẹ 12.5 sí 19? A5, 14.8 sí 21, máa ń jáde láti ara bébà 18 sí 25 kan náà, ojú ewé 16 náà ni. Ojú ewé á fẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ ní bí ìdá mẹ́ta, owó bébà kan náà. Bí ẹ bá tẹ 12.5 sí 19, ẹ̀rọ ìgébébà ló máa jẹ ìyókù.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n lọ ni ọ̀nà tí fọ́nrán bébà dojú kọ. Fọ́nrán gbọ́dọ̀ bá eegun ẹ̀yìn ìwé lọ lóòró. Tí odindi bébà bá ní fọ́nrán lọ́nà ínṣì 36, lẹ́yìn tí a gé e sí méjì, fọ́nrán á lọ lọ́nà ínṣì 18, ọ̀nà yẹn náà ni gíga ojú ewé yín máa dojú kọ. Ó bá a mu. Tí fọ́nrán bá lọ lọ́nà 25, ìwé á le bíi pákó, kò ní fẹ́ ṣí, tí ọyẹ́ bá sì dé, ewé á rú bí ìgbì. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Ẹ gé igun bébà kékeré, ẹ fi omi pa ẹ̀gbẹ́ kan lára: ó máa ká bí ìgò, fọ́nrán sì bá òòró ìgò yẹn lọ.

Olóòtú_Kaduna

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ìṣirò yín pé, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ A5.

Nẹ́gẹ́tíìfù 35mm jẹ́ 24 sí 36, méjì sí mẹ́ta. Ẹ pín 12.5 sí 19, bíi 0.66 ni. Méjì sí mẹ́ta náà nìyẹn, díẹ̀ ló kù kó pé. Fọ́tò tó dúró lóòró á kún ojú ewé láti etí dé etí, a ò ní gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. A5 jẹ́ 0.70. Ẹ ní láti gé fọ́tò ní òkè tàbí nísàlẹ̀, àbí kí ẹ fi funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun mìlímítà 8 tó dà bí àṣìṣe. Fọ́tò tí ayafọ́tò to ohun inú rẹ̀ dé etí, bíi ti lẹ́ńsì fífẹ̀ tí Ìyá ń sọ yẹn, kì í gba ìgé. Ohun tó wà létí ló di ààrin mú.

Bébà tí a gé kúrò kò ṣòfò. Ẹ lo ó fún ìwé ìpolówó tí ẹ máa fi sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fọ́tò: ìlú àti ọdún, ó tó. Ẹ kó wọn sẹ́yìn ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Tí ẹ bá kọ gbólóhùn mẹ́ta sábẹ́ fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 7, ọ̀rọ̀ ni ènìyàn á kà, kò ní wo fọ́tò mọ́. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó wà nínú ìṣòro, pàápàá ọmọdé.

Láàbù_Sabon_Gari (Kano)

Òkùnkùn tó ń gbé ojú mì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àmì yíǹkì máa ń fẹ̀ sí i tó bá kan bébà. Ibi tí yíǹkì bò dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí kọ̀ǹpútà lè di 65 sí 70 lórí bébà, ó sì burú jù lórí bébà bond tí kò ní ìpara. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí àárín, ibi tí kò dúdú tí kò sì funfun, mọ́lẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́: ẹ fa 50 wá sí bíi 38. Dúdú tó ṣú jù, ẹ má jẹ́ kó kọjá 95. Awọ ara ènìyàn tó wà lábẹ́ òjìji, ẹ má jẹ́ kó kọjá 80, nítorí láti 85 sókè ni ojú àti irun yóò ti dàpọ̀. Awọ dúdú lábẹ́ oòrùn Kano le fún ẹ̀rọ ju awọ funfun lábẹ́ ìkùukùu Prague lọ, ìyẹn ni ẹ kò ṣe lè fi òdiwọ̀n ìwé wọn tẹ tiwa. Funfun náà, ẹ fi 3 tàbí 4 sí i, àfi ibi tí oòrùn ti ń tàn yòò.

Ẹ má tẹ dúdú àti funfun pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pọ̀ díẹ̀, ojú ewé kan á pọ́n, èkejì á jọ ewé. Dúdú kan ṣoṣo nílò plate (irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé) 18 fún section mẹ́sàn-án. Dúdú pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ eérú nílò 36, ó sì ń jẹ́ kí òjìji jinlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ aláwọ̀ kan, bébà gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà láàárín méjèèjì, bébà á fà tàbí kó sún kì, fọ́tò á sì máa rí méjì-méjì. Ẹ ṣe méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo bébà tó ń dúró. Tí owó ò bá tó, dúdú kan tí a tún àárín rẹ̀ ṣe dáadáa sàn ju dúdú méjì tí kò bára mu.

Ẹ tẹ bébà ìdánwò kan kí ẹ tó tẹ ìwé: fọ́tò kan náà, ọ̀nà mẹ́jọ, àárín rẹ̀ láti 34 dé 48. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, torí yíǹkì tútù máa ń dán, ó ń tan ojú jẹ. Ẹ wò ó lẹ́bàá fèrèsé.

Síkáànì: 3200 dpi (píksẹ́lì fún ínṣì kan) tó, ó fún yín ní píksẹ́lì 4,500 ní ìbú, bẹ́ẹ̀ fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 10.9 kò nílò ju 1,290 lọ. Ẹ fi pamọ́ ní grayscale 16-bit. Ẹ pa ohun èlò ìnu-eruku inú síkánà, Digital ICE, tí fíìmù bá jẹ́ dúdú àti funfun ti fàdákà. Ìmọ́lẹ̀ infrared ló fi ń wá eruku. Fàdákà inú fíìmù ń dí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó máa ń rò pé fọ́tò fúnra rẹ̀ ni eruku, á wá bà á jẹ́. Ọwọ́ la fi ń nu ún. Lásìkò ọyẹ́, fíìmù máa ń fa eruku mọ́ra bí ẹni fi gọ́ọ̀mù pa á. Ẹ fi omi nu ilẹ̀ yàrá, ẹ pa fáànù, ẹ jẹ́ kí nǹkan rọlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi rọ́bà ìfẹ́-atẹ́gùn fẹ́ fíìmù, kì í ṣe ẹnu.

Àlàmú_Gwarinpa

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, gbogbo yín. 12.5 sí 19 la ó lò, ọ̀rọ̀ Olóòtú yé wa.

Ó ku ìdìpọ̀ àti fọ́tò gbọọrọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní gọ́ọ̀mù ni kí a fi dì í, pé rírán ti di ayé àtijọ́. Ẹlòmíràn ní kí a da fọ́tò gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹni tó ń kà á yí ìwé.

Atẹ̀wé_Utako

Ẹ má gbà. Art paper ní ìpara lójú, gọ́ọ̀mù gbígbóná kì í wọnú rẹ̀, orí ìpara yẹn ló ń dúró sí. Tó bá di oṣù kìíní, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, gọ́ọ̀mù á le, á sán, ewé á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, àgàgà níbi tí ènìyàn ti ń fi agbára ṣí i láti rí àárín fọ́tò. Rírán ni. Òwú á gba inú section kọ̀ọ̀kan kọjá, gọ́ọ̀mù funfun tútù lórí eegun ẹ̀yìn lẹ́yìn náà, kí èèpo 300 gíráàmù tó ní matt lamination wá bò ó. Àwọn tó ń dì léjà àti ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n rán lọ́wọ́, ẹ̀dà 500 kò pọ̀ jù fún wọn. Kí ẹ tó ká bébà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48, nítorí dúdú lórí matt máa ń yí lọ sí ojú ewé kejì.

Yíyí ìwé sí ẹ̀gbẹ́: fọ́tò gbọọrọ á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17.4 sí 5.8. Ẹ lè rò ó bóyá adágún á ṣì hàn níbẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó dára: ojú ewé 8 àti 9 nínú section olójú ewé 16 jẹ́ bébà kan tí kò gé, àárín section nìyẹn. Fọ́tò tí ẹ bá tẹ́ síbẹ̀ kò ní já, á jẹ́ 25 sí 8.3, òwú díẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí. Ìwé yín ní section mẹ́sàn-án, nítorí náà ibi mẹ́sàn-án ló wà: 8, 24, 40, 56, 72, 88, 104, 120, 136. Fọ́tò gbọọrọ mẹ́jọ lẹ ní. Ní ibòmíràn, kòtò àárín, ibi tí ojú ewé méjì ti pàdé, máa gbé mìlímítà 3 sí 4 mì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ojú ewé méjèèjì sì lè ti ara bébà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, dúdú wọn ò ní dọ́gba.

Olóòtú_Kaduna

Ìyẹn á tú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ká, Ọ̀gá. Ẹ ò lè jẹ́ kí òwú sọ ibi tí Jos máa wà láàárín Kano àti Argungu. Nígbà tí Koudelka ya ilẹ̀ tí ìwakùsà èédú bà jẹ́ ní àríwá Bohemia, lábẹ́ àwọn òkè Krušné hory, ìwé kíká síwá-sẹ́yìn bí inú àkọ́díọ̀nù ni wọ́n ṣe é sí ní 1994. Ilẹ̀ tó bàjẹ́ dé ibi tí ojú mọ kò fẹ́ kí wọ́n gé òun sí ojú ewé. Adágún Jos náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kó mẹ́jọọ̀jọ sára bébà kíká kan ṣoṣo, kí ẹ fi sí àpò inú èèpo ẹ̀yìn. Bébà náà á jẹ́ 48 sí 18, ìká mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12 sí 18, kó lè wọ àpò láìfún. Iwájú gba mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 23 sí 7.7. Ẹ̀yìn gba mẹ́rin. Ojú ìká máa gba àárín fọ́tò kọjá, ṣùgbọ́n ìká kì í gbé nǹkan mì bíi kòtò àárín ìwé.

Atẹ̀wé_Utako

Ó ṣe é ṣe. Bébà 18 sí 25 kan á fún yín ní méjì, 250 tó fún 500, ẹ fi 30 kún un fún ìbàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin tẹ ojú ìká kí wọ́n tó ká a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dúdú á sán níbẹ̀, funfun bébà á yọ. Fọ́nrán gbọ́dọ̀ bá ìká lọ, gẹ́gẹ́ bí ti inú ìwé. Bí àpò bá ti wọlé, èèpo ẹ̀yìn máa nípọn sí i, nítorí náà ẹ fi mìlímítà kan kún ìbú eegun ẹ̀yìn lórí èèpo.

Ìyá_Nẹ́gẹ́tíìfù (Jos)

Ẹ gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lọ́wọ́ National Library of Nigeria, Àbújá yín náà ló wà, kí ẹ tó ṣe plate èèpo, torí nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Lẹ́yìn títẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta ni òfin ní kí atẹ̀wéjáde aládàáni kó fún wọn, ẹ kà á mọ́ 500.

Kí wọ́n tó kó gbogbo ìwé sí ẹ̀rọ ìgébébà, ẹ ní kí wọ́n gé ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ẹ ṣí i sí fọ́tò tó kún ojú ewé, ẹ wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó wà létí. Bí etí bá ti jẹ wọ́n, ẹ sún ọ̀bẹ síta, kí ẹ tún gé òmíràn.